Kí Ló Dé Tí Ìràwọ̀ Inú Fọ́tò Yín Fi Wú Bí Òwú? Bí Ẹ Ó Ṣe To Kámẹ́rà Fóònù fún Ojú Ọ̀run Òru

Ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí ètò ni a kọ sílẹ̀ síbí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní kí a kọ ọ́ kí ẹ lè máa wò ó lórí fóònù nígbà tí ẹ bá dé pápá, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lè má sí.

Lẹ́yìn ètò tó kọjá, ọ̀kan nínú ẹ̀yin olùgbọ́ fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí wa. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ló dáwó epo mọ́tò, wọ́n lọ sùn sí Ìdànrè, wọ́n jí ní aago mẹ́rin ìdájí, wọ́n sì ya fọ́tò tó lé ní igba. Òkè náà hàn dáadáa. Ojú ọ̀run dúdú bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n gbogbo ìràwọ̀ inú rẹ̀ ló wú, wọ́n rí bọ̀tọ̀bọ̀tọ̀ bí òwú tí wọ́n já dànù sílẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, áàpù wo ni mo lè fi tún un ṣe?"

Kò sí áàpù náà. Mo mọ̀ pé kò dùn ún gbọ́, pàápàá fún ẹni tó ti náwó epo, ṣùgbọ́n ó dára kí a tètè sọ ọ́. Bí fọ́tò bá ṣókùnkùn jù, ẹ lè tan ìmọ́lẹ̀ sí i nígbà tí ẹ bá délé. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá pọ́n bí ọsàn, ẹ lè dá a padà. Bí iyanrìn bá kún inú rẹ̀, ìyẹn àwọn àmì wínníwínní tó máa ń bo fọ́tò òru, ọgbọ́n wà tí wọ́n ń dá sí i. Ṣùgbọ́n bí lẹ́ǹsì kò bá dúró síbi tó yẹ nígbà tí ẹ tẹ bọ́tìnì, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ yẹn ti fọ́n ká, kò sí ẹni tó lè kó o jọ mọ́. Ìdí nìyẹn tí n ó fi lo èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò wa lórí fókọ́ọ̀sì, kí n tó yára sọ ìyókù.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò. Ìràwọ̀ jìnnà débi pé tíntín ló yẹ kó jẹ́ nínú fọ́tò, bí ìgbà tí ẹ fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ gún bébà. Bí fókọ́ọ̀sì bá yẹ̀ díẹ̀, tí tíntín yẹn fi fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, àyè tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gbà ti di ìlọ́po mẹ́rin, torí pé ó fẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó tún fẹ̀ lókè nísàlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ni wọ́n wá pín sí mẹ́rin. Ìràwọ̀ ńlá á ṣì hàn, á kàn wú ni. Àwọn kéékèèké á pòórá. Nítorí náà, ẹni tí fókọ́ọ̀sì rẹ̀ péye tó sì ya fọ́tò ìṣẹ́jú àáyá 10 á rí ìràwọ̀ kéékèèké tí ẹni tí tirẹ̀ yẹ̀ kò ní rí, kódà bí onítọ̀hún bá ṣí kámẹ́rà sílẹ̀ fún 40. Kọ́bọ̀ kan kò sì wọ̀ ọ́.

Ìdí tí fóònù fi ń ṣìnà lóru

Lọ́sàn-án, ta ló ń ronú nípa fókọ́ọ̀sì? Ẹ gbé fóònù sókè, ojú ọ̀rẹ́ yín mọ́ kedere, ó parí. Ohun tí fóònù ń ṣe nínú lọ́hùn-ún ni pé ó ń wá etí nǹkan: ibi tí irun ti pàdé iwájú orí, ibi tí aṣọ funfun ti pàdé ògiri dúdú. Yóò máa sún lẹ́ǹsì síwájú sẹ́yìn títí etí yẹn yóò fi mú. Ẹ wá kọjú rẹ̀ sí ojú ọ̀run ní aago mẹ́rin ìdájí. Etí wo ni yóò rí? Gbogbo rẹ̀ dúdú. Ni yóò bá bẹ̀rẹ̀ sí í sún lẹ́ǹsì wọlé, sún un jáde, bí ẹni tó ń fọwọ́ wá kọ́kọ́rọ́ nígbà tí NEPA mú iná lọ. Nígbà tó bá sú u, á dúró síbi tó bá bọ́ sí, á sì ya fọ́tò náà fún yín bẹ́ẹ̀. Ẹ kò ní mọ̀, torí pé lójú fóònù kékeré, gbogbo nǹkan ló ń dà bíi pé ó dára. Ìgbà tí ẹ bá délé tí ẹ fẹ̀ ẹ́ ni ẹ ó tó rí i.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí ìràwọ̀ jìnnà ni? Kí n kàn fa fókọ́ọ̀sì dé ìparí." Ọ̀rọ̀ yẹn mọ́gbọ́n wá, ṣùgbọ́n fóònù kì í gbọ́ ọ. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù tó ní Pro, bí ẹ bá tẹ MF, ọ̀pá kan á jáde tó ní àwòrán òdòdó ní ẹ̀gbẹ́ kan fún ohun tó sún mọ́ni, tó sì ní àwòrán òkè ní ẹ̀gbẹ́ kejì fún ohun tó jìnnà. Ibi àwòrán òkè yẹn kì í sábà jẹ́ ibi tí ìràwọ̀ ti ń mú gan-an. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ká jọ àti mágínẹ́ẹ̀tì ló ń gbé lẹ́ǹsì nínú fóònù, gbogbo ìrìn tó sì ń rìn kò tó mìlímítà kan. Àwọn tó ṣe é fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kọjá ibi tó jìnnà jù, nítorí wọ́n mọ̀ pé lẹ́ǹsì kì í dúró sójú kan. Ooru ń sún un. Bí ẹ ṣe gbé fóònù dání náà ń sún un: lẹ́ǹsì ní ìwọ̀n tirẹ̀, ilẹ̀ sì ń fà á, nítorí náà fóònù tó dúró ṣánṣán àti èyí tó dojú kọ òkè kò ní jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹni tó fà á dé ìparí ti lè kọjá ìràwọ̀ lọ.

Bí ẹ ó ṣe mú un

Ẹ kọ́kọ́ nu ojú lẹ́ǹsì. Mi ò ṣe àwàdà. Ọ̀rá ọwọ́ ẹni tó jẹ súyà lójú ọ̀nà tó láti mú kí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìrù funfun lẹ́yìn. Aṣọ mímọ́ tó fẹ́lẹ́ ti tó. Bí ẹ bá sì ti inú mọ́tò tí AC ń ṣiṣẹ́ bọ́ sí atẹ́gùn òru tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, omi á bo lẹ́ǹsì bí ìrì; ẹ fún fóònù ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 kó bá ìta mu kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fóònù lé tripod. Ẹni tí kò ní tripod lè kó iyanrìn sínú ọ̀rá kó fi ṣe ìrọ̀rí fún fóònù lórí òkúta, tàbí kó lo ọ̀rá pure water méjì. Ohun tí a ń wá ni pé kó má mì. Ẹ kọjú rẹ̀ síbi tí ẹ fẹ́ yà gan-an, kó tẹ̀ bó ṣe máa tẹ̀. Ẹ ṣí Pro, ẹ gbé ISO sókè dé 3200 tàbí ibi tó bá ga jù. Kì í ṣe fún fọ́tò o, kí ẹ lè rí nǹkan lójú fóònù lásán ni.

Ẹ wá wá ìmọ́lẹ̀ kan tó kéré tó sì jìnnà. Àgùàlà dára jù bó bá wà lójú ọ̀run, nítorí kò sí ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ tó o. Òun náà ni àwọn àgbà ní ó ń bá oṣù rìn táwọn èèyàn fi ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Bí kò bá sí, Jupiter dára, Sirius náà dára. Bí ojú yín kò bá tíì mọ ìràwọ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì, ẹ wá iná pupa orí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Fún lẹ́ǹsì fóònù, iná tó jìnnà tó 100 mítà àti ìràwọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, torí pé lẹ́ǹsì rẹ̀ kéré gan-an. Ẹni tó bá gbé kámẹ́rà ńlá dání kò gbọdọ̀ fi èyí tan ara rẹ̀; ìràwọ̀ fúnra rẹ̀ ni kó lò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú nìyí. Wọ́n á fẹ́ fẹ ìràwọ̀ náà kí wọ́n lè rí i dáadáa, wọ́n á sì tẹ 3x tàbí 5x. Lẹ́ǹsì mìíràn ni fóònù gbé jáde fún wọn yẹn! Lẹ́ǹsì méjì, mẹ́ta ló wà lẹ́yìn fóònù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní fókọ́ọ̀sì tirẹ̀. Ẹ ó tò ó fún lẹ́ǹsì tó ń wo ọ̀nà jíjìn, ẹ ó padà sí 1x láti ya fọ́tò, gbogbo wàhálà yín á sì di òfo. Ẹ dúró sórí 1x. Ọ̀pọ̀ fóònù máa ń fẹ àárín àwòrán fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ti fọwọ́ kan ọ̀pá MF. Ìyẹn ni kí ẹ lò. Bí tiyín kò bá ń ṣe é, ẹ fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, má jẹ́ kó dé 2x.

Nígbà náà ni kí ẹ wá rọra fa ọ̀pá náà. Ẹ ti ibi àwòrán òkè bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìràwọ̀ á máa kéré sí i, á sì máa mọ́lẹ̀ sí i, títí dé ibì kan, lẹ́yìn náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ẹ jẹ́ kó wú díẹ̀, kí ẹ tó padà sẹ́yìn. Ẹni tí kò kọjá ibẹ̀ kò lè mọ̀ pé òun ti débẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi S sí ìṣẹ́jú àáyá 4, kí ẹ ya fọ́tò mẹ́ta: ọ̀kan níbi tí ẹ rò pé ó mú, ọ̀kan ní ìtẹ̀síwájú kékeré kan, ọ̀kan ní ìfàsẹ́yìn kékeré kan. Ẹ ṣí wọn, kí ẹ fẹ̀ wọ́n dé ìparí, kí ẹ wo ìràwọ̀ kan náà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tí ìràwọ̀ rẹ̀ kéré jù ló borí. Gbogbo rẹ̀ kò lè ju ìṣẹ́jú 10 lọ, àwọn ọ̀rẹ́ yín sì lè máa gbọ́n tíì nígbà yẹn.

Bí ẹ bá fi iná òpó tó wà nísàlẹ̀ ṣe é, ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọjú fóònù sókè, nítorí ọ̀rọ̀ lẹ́ǹsì tó ń tẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ìdajì wákàtí síra wọn. Fóònù mìíràn wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti jáde kúrò nínú kámẹ́rà láti lọ wo WhatsApp, á gbàgbé gbogbo ohun tí ẹ tò. Ẹ ya fọ́tò ojú fóònù náà pamọ́ kí ẹ lè mọ ibi tí ọ̀pá MF wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo iPhone á ti máa sọ pé, "A ò rí MF lọ́dọ̀ tiwa." Lóòótọ́ ni, kámẹ́rà tó bá a wá kò ní in. Ẹ tẹ ìmọ́lẹ̀ tó jìnnà náà, kí ẹ fi ọwọ́ mọ́lẹ̀ lé e títí ẹ ó fi rí AE/AF Lock lókè. Bí ẹ bá gbé e lé ohun tí kò mì, Night mode lè ṣí kámẹ́rà dé ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó lè wá áàpù kámẹ́rà tó ní fókọ́ọ̀sì àfọwọ́ṣe.

S, ISO àti àwọn yòókù

Ayé ń yí, nítorí náà lójú tiwa, ìràwọ̀ ń rìn: ìwọ̀n 15 ní wákàtí kan. Bí ẹ bá ṣí kámẹ́rà pẹ́ jù, tíntín á di ìlà. Ìṣirò kan wà tí àwọn ayàwòrán ń lò láti ọjọ́ pípẹ́: ẹ fi nọ́ńbà lẹ́ǹsì pín 500. Lẹ́ǹsì 1x ti ọ̀pọ̀ fóònù bá lẹ́ǹsì 24 mìlímítà ti kámẹ́rà ńlá dọ́gba, 500 tí a bá fi 24 pín jẹ́ nǹkan bí 20. Ìdáhùn yẹn lawọ́ jù lójú tèmi. Níhìn-ín tí a sún mọ́ ìlà àárín ayé, àwọn ìràwọ̀ tó wà lókè orí wa gan-an ló ń yára jù lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, kí ẹ má kọjá 15. Nígbà tí Google gbé ètò ìràwọ̀ sínú Pixel 4 ní 2019, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 4 gbáko, ṣe ni wọ́n pín in sí fọ́tò 15 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ìṣẹ́jú àáyá 16 lọ, wọ́n sì pa wọ́n pọ̀. Ìdí kan náà ni.

ISO: 1600 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ojú ọ̀run bá funfun, ẹ mú un wá sí 800. Bí ó bá ṣókùnkùn gan-an, 3200. Ẹ má fi ojú fóònù ṣe ìdájọ́, torí pé nínú òkùnkùn, fóònù tó tàn díẹ̀ á dà bí oòrùn lójú yín, ẹ ó sì rò pé fọ́tò yín mọ́lẹ̀ ju bó ṣe rí lọ. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù kù dé ìsàlẹ̀. WB, ẹ fi sí 4000, má fi sí Auto. Ẹ tan RAW bó bá wà: nínú JPEG, fóònù máa ń dán ojú fọ́tò, ìràwọ̀ kéékèèké ló sì kọ́kọ́ ń nù dànù, torí pé ó rò pé iyanrìn ni wọ́n. Flash, ẹ pa á. Timer, ìṣẹ́jú àáyá 3, kí ọwọ́ yín má mi fóònù nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́ǹsì 0.5x tó fẹ̀ gbòòrò máa ń wu èèyàn torí ojú ọ̀run tóbi. Ẹ fi í sílẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà wọlé kéré sí ti 1x, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní fókọ́ọ̀sì tó ń sún rárá.

Ìgbà wo, àti níbo?

Ní 2016, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ṣe máàpù ìmọ́lẹ̀ òru fún gbogbo ayé sọ pé ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn èèyàn ayé tí kò lè rí Milky Way mọ́ níbi tí wọ́n ń gbé. Ẹni tí wọ́n bí sí Ìkẹjà tó sì dàgbà síbẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Milky Way ni ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tó nà gbọọrọ bí èéfín funfun kọjá ojú ọ̀run. Àárín rẹ̀, ibi tó nípọn jù, gúúsù ni ó máa ń gbà kọjá. Ní ìlú Èkó, ó ń gòkè dé nǹkan bí ìwọ̀n 54, ìyẹn ju ìdajì ọ̀nà sí òkè orí yín lọ. Ní London, kò ju nǹkan bí 10 lọ, àwọn ilé àti igi ti gbé e mì. Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín tó wà lọ́hùn-ún ń náwó ọkọ̀ òfuurufú láti lọ rí, ẹ̀yin lè wọ mọ́tò lọ bá a.

Ìgbà rẹ̀ nìkan ló le díẹ̀. Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, ó máa ń wà níbẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ lóru, ṣùgbọ́n òjò kò ní jẹ́ kí ẹ rí i. Nígbà ọyẹ́, eruku bo ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run. Lákòókò yẹn, Orion tó wà lókè orí ni kí ẹ yà, torí pé eruku kò nípọn tó bẹ́ẹ̀ lókè. Àyè tó ṣẹ́ kù ni oṣù kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ní ìdájí, kí aago márùn-ún àbọ̀ tó lù, pàápàá lẹ́yìn òjò tó ti fọ eruku nù. Àti oṣù kẹwàá ní alẹ́, láti aago méje àbọ̀, nígbà tó bá ti ń lọ wọ̀ ní gúúsù sí ìwọ̀-oòrùn.

Òṣùpá kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ yà á ní ìdájí, ọ̀sẹ̀ kan tó tẹ̀ lé ìgbà tí oṣù bá lé ló dára fún yín, nítorí oṣù tuntun máa ń tètè wọ̀, ó sì ti lọ kí ẹ tó jí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ yà á ní alẹ́, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kí oṣù tó lé ni tiyín.

Fún ibi tí ẹ ó lọ, ìbéèrè mi kan ṣoṣo ni: ìlú ńlá wo ló wà ní gúúsù ibẹ̀? Bí ẹ bá dúró sí Abẹ́òkúta, Èkó ló wà níwájú yín, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni ẹ ó yà. Ìdànrè dára nítorí pé Àkúrẹ́ wà lẹ́yìn yín, igbó ló wà níwájú. Etíkun Àgbádárìgì dára nítorí pé òkun ni gbogbo gúúsù, kò sí ẹni tó fa iná síbẹ̀ yàtọ̀ sí ọkọ̀ ojú omi; iyọ̀ inú atẹ́gùn òkun nìkan ni kí ẹ máa nù kúrò lójú lẹ́ǹsì.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má dá lọ o. Ẹ má sì wa mọ́tò ní òru nítorí ìràwọ̀. Ẹ débẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ wá ibi tí ẹ ó sùn, kí ẹ lọ kí baálẹ̀ tàbí olórí àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀, kí ẹ sọ ohun tí ẹ wá ṣe fún wọn. Géńdé mẹ́rin tó ń rìn káàkiri orí òkè pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì ní aago mẹ́rin ìdájí, kí ni kí àwọn ará ìlú rò? Bí wọ́n bá mọ̀ yín tẹ́lẹ̀, ọ̀kan nínú wọn lè tẹ̀ lé yín lọ, á sì mọ ibi tí òkúta ti ń yọ̀. Ibi tí sójà wà, ẹ má gbé kámẹ́rà dé ìtòsí rẹ̀.

Bí ẹ bá wà lórí pápá tí fọ́tò kò sì dára, ẹ fẹ̀ ẹ́ kí ẹ wo ìrísí ìràwọ̀, òun fúnra rẹ̀ á sọ ohun tó ń ṣe é. Bó bá rí rogodo tó wú, tó sì jẹ́ bákan náà ní gbogbo fọ́tò, fókọ́ọ̀sì ni. Ẹ padà sí ọ̀pá MF. Bó bá jẹ́ ìlà kúkúrú tí gbogbo wọn kọjú sí ibì kan náà, S ti pẹ́ jù. Bó bá wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, fóònù mì, ẹ wo iyanrìn tí ẹ gbé e lé. Bó bá jẹ́ igun fọ́tò nìkan ni ìràwọ̀ ti hu ìyẹ́, lẹ́ǹsì ló rí bẹ́ẹ̀, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.

Níkẹyìn, ẹ má ya ẹyọ kan kí ẹ lọ. Bí gbogbo nǹkan bá ti mú, ẹ ya 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Iyanrìn inú fọ́tò kọ̀ọ̀kan kì í dúró sójú kan, ìràwọ̀ ló ń dúró ní ipò rẹ̀ sí ara wọn. Tí ẹ bá pa fọ́tò 16 pọ̀, iyanrìn á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Sequator ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà Windows, ó sì mọ bó ṣe lè to ìràwọ̀ léra wọn kí òkè tó wà nísàlẹ̀ má bàa fà. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè ṣí RAW ẹyọ kan nínú Snapseed lórí fóònù rẹ̀, kó tan ìmọ́lẹ̀ sí i níwọ̀nba.

Ẹ fi tiyín ránṣẹ́ sí wa. Ẹ kọ S, ISO àti ibi tí ọ̀pá MF wà sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó ń lo irú fóònù yín lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.